Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Àjálù Bá àti Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a kò ní sọ̀rọ̀ nípa ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ọgbẹ́ kan tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, tí a kò lè fi báńdéèjì dì, ṣùgbọ́n tí ó ń dá ènìyàn lóró ju ọgbẹ́ àdá lọ. Èyí ni ọgbẹ́ tí àjálù ńlá máa ń dá sí ọkàn.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì ní agbègbè Òkè-Ògùn mọ irú aláìsàn yìí dáadáa. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò ní orí ń fọ́ òun, àyà ń já òun, oorun kò kùn òun. A ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, kò gbóná. A ó wọn ìfúnpá rẹ̀, kò ga. Bí a bá wá rọra béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni?", ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti jáde: láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbókìtì pẹ̀lú wọn, láti ìgbà tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù, láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóko, láti ìgbà tí ọmọ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, gbogbo ìlú ni ọ̀rọ̀ náà kàn, bí ó ti rí ní Igangan ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àti ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí kò sí ilé tí kò lè kàn.

1. OHUN TÍ ÀJÁLÙ MÁA Ń ṢE SÍ ARA ÀTI ỌKÀN

A dá ara wa lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí ewu bá dé, ọkàn á máa lù kì-kì-kì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ojú á là rekete, kí a lè sá tàbí kí a lè jà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí ewu náà bá pọ̀ jù, ewu a lọ tán, ara kò sì ní mọ̀ pé ó ti lọ. Àwọn àgbà ti rí èyí kí dókítà kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Àwọn àmì tí ẹ ó rí nìyí:

(a) Àlá burúkú, tàbí kí ohun tó ṣẹlẹ̀ máa padà wá sójú ènìyàn ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

(b) Kí ó máa yẹra fún ọ̀nà, fún ọjà, fún ènìyàn, àní fún orin tí ó lè rán an létí.

(d) Kí ó máa ta gìrì bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn pàá, tàbí bí taya ọkọ̀ bá bẹ́.

(e) Àìsùn, ìbínú òjijì, àìlè fọkàn sí iṣẹ́.

(ẹ) Orí gbígbóná, ara títa bí ẹni fi ata kùn ún, tàbí kí ó dàbí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí.

(f) Kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé, "Èéṣe tí èmi kò bá wọn kú?"

Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí lára ènìyàn yín, ẹ má sọ pé ó ti ń ya wèrè, ẹ má sì sọ pé èpè ń jà á. Ọgbẹ́ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ara wọn máa ń balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá rí ìsinmi, tí àwọn ènìyàn wọn sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju oṣù kan lọ, tí kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

2. ÌBÉÈRÈ TÍ HÓRÓ OÒGÙN KÒ LÈ DÁHÙN

Nígbà tí ìbẹ̀rù bá ti ń rọlẹ̀ díẹ̀, ìṣòro kejì a máa yọjú. Ẹni náà lè máa jẹun, ó lè máa sùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ayé kò ní ìtumọ̀ fún un mọ́. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan ni, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbá a. Egbò náà ti jiná. Ó lè fi ọ̀pá rìn. Síbẹ̀, yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ títí di alẹ́, yóò máa wo ọkọ́ rẹ̀ tí ó ti ń dípẹtà. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní, "Kí ni mo tún wà fún?"

Kò sí hóró oògùn tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó ń dùn ún mọ́.

Ẹ̀dá a máa béèrè pé, "Kí ni mo ṣe? Ta ni mo ṣẹ̀? Èéṣe tí ó fi jẹ́ èmi?" Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a béèrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìbéèrè wọ̀nyí kọjú sí, kò sì sí ẹni tí ó lè dáhùn wọn tẹ́ ọlọ́fọ̀ lọ́rùn. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ìbéèrè mìíràn wà tí ó kọjú síwájú: "Kí ni ó kù tí ó ń dúró dè mí?" Ìgbà tí ènìyàn bá lè béèrè èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú omijé, ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí, a ó sì fi ìtàn ènìyàn méjì ṣe àlàyé rẹ̀, ọ̀kan láti ìtòsí wa níbí, ìkejì láti ọ̀nà jíjìn.

3. ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Òwúrọ̀ ni, ìyá ń se oúnjẹ lọ́wọ́, nígbà tí ariwo sọ. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé náà tí ń jẹ́ Àjàyí, ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Baba rẹ̀ jáde lọ láti lọ gbèjà ìlú, ọmọ náà kò sì tún fojú kàn án mọ́ láéláé. Wọ́n fi okùn sí òun àti ìyá rẹ̀ lọ́rùn, pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ní Ìsẹ́yìn gan-an ni wọ́n ti pín wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á. Nínú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, ó sọ pé nígbà tí ẹ̀rù ń ba òun pé wọn yóò ta òun fún àwọn Potogí, òun pinnu lóru láti fi ọ̀já ìdí òun fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n agbára òun kò gbé e.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá bi ọmọ yẹn léèrè ní òru ọjọ́ náà pé kí ni ó kù fún un láyé, yóò sọ fún yín pé kò kù ohunkóhun. Kò parọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń sọ.

Wọ́n padà tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ tí ó kó wọn, a sì gbé wọn lọ sí Sàró. Àjàyí kọ́ ìwé níbẹ̀, ó di olùkọ́. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní ọdún 1864 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, òun sì ni ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bẹ́ẹ̀. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther. Òun ni aṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú bí a ṣe to èdè wa sínú ìwé, tí ẹ fi lè máa ka ìwé ìròyìn yìí lónìí, ìbáà ṣe mọ́ṣáláṣí ni ẹ ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?

Èkíní: a kò sọ pé ogun náà dára. Ìwà ìkà ni, ìwà ìkà ni yóò sì máa jẹ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ibi tí ó bá a jẹ́ oore.

Èkejì: ẹni tí ó wà nínú ọ̀fìn kò lè rí ọ̀nà jìnnà. Nítorí náà, ohun tí àìnírètí bá sọ fún wa ní òru, kí a má fi ṣe ìdájọ́.

Ẹ̀kẹta: ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ilé àti èdè ilé, nínú rẹ̀ gan-an ni ó ti rí iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é.

Ẹ má sì gbàgbé ìyá rẹ̀, Àfàlá. Òun kò kọ ìwé, kò jẹ oyè. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi wà láìfojú kan ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ńṣe ni wọ́n jókòó, tí wọ́n ń wo ara wọn. Ohun tí ìyá yẹn ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò ju pé kí ó jí, kí ó wá oúnjẹ òòjọ́, kí ó sì tún jí lọ́la. Iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àjálù bá ni yóò di ènìyàn ńlá, kò sì pọn dandan.

4. DÓKÍTÀ TÍ Ó BỌ́ NÍNÚ ÀGỌ́ IKÚ

Ìtàn kejì jẹ́ ti dókítà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àìsàn ọkàn àti ọpọlọ. Orúkọ rẹ̀ ni Viktor Frankl, ọmọ Júù, tí a bí ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1905. Ní ọdún 1942, àwọn ará Jámánì tí ń tẹ̀lé Hitler kó òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Àgọ́ mẹ́rin ni ó kọjá kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó tú wọn sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1945. Baba, ìyá, arákùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kú. Ìwé tí ó ti ń kọ kí ogun tó dé, tí ó rán mọ́ inú aṣọ rẹ̀, wọ́n gbà á, ó sì ṣègbé.

Frankl ṣàkíyèsí nínú àgọ́ náà pé ẹni tí ohun kan bá ń dúró dè, ìbáà ṣe ọmọ ní ìlú òkèèrè tàbí iṣẹ́ tí kò tí ì parí, a máa lè fara da ìyà ju ẹni tí ó ti sọ pé ó tán. Òun fúnra rẹ̀ ń wá ègé ìwé kéékèèké, ó ń tún ìwé rẹ̀ tí ó sọnù kọ sí orí wọn. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ènìyàn ni. Kò sọ pé ìrètí ni ó yọ gbogbo ẹni tí ó yè. Ó sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dára jùlọ ni kò padà wálé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀kọ́ yìí dá òkú lẹ́bi.

Ní ọdún 1946 ó tẹ ìwé jáde nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó sì fi kọ ọ́. Ó gbé irú ìtọ́jú kan kalẹ̀ tí a ń pè ní logotherapy, èyíinì ni ìtọ́jú nípa wíwá ìdí tí a fi wà láàyè. Ó bá àwọn amòye ilẹ̀ Yúróòpù kan lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn pé ènìyàn kì í ṣe òkúta tí a kàn ń yí kiri: bí a tilẹ̀ gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì lè yan irú ìdúró tí yóò dúró. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Lóòótọ́ ni àwọn kan máa ń sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe é. Dókítà àgbàlagbà kan wá bá a, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Frankl kò wàásù fún un. Ó kàn bi í pé bí ó bá jẹ́ pé òun ọkọ ni ó kọ́kọ́ kú ńkọ́? Ọkùnrin náà dáhùn pé ìyà ìbá jẹ ìyàwó òun gidigidi. Frankl wá fi hàn án pé ìyà yẹn ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń gbé ẹrù náà dípò aya rẹ̀. Baba náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì jáde ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òkú kò jí. Ìbànújẹ́ kò kúrò. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ náà ti ní ìtumọ̀, ẹrù tí ó sì ní ìtumọ̀ ṣeé gbé ju ẹrù tí kò ní lọ.

5. Ọ̀NÀ MẸ́TA

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Frankl kọ́ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà tún rí ìdí tí ó fi wà.

Ọ̀nà kìíní ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ohun tí a lè ṣe tàbí tí a lè fún ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ tí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè kọ ebè mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀ tí ó yẹ fún iṣu àti èyí tí ó yẹ fún kaṣú. Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ? Kí ó jókòó sábẹ́ igi lóko, kí ó máa darí wọn. Kí ìyàwó rẹ̀ má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àánú. Àánú tí ó bá sọ ènìyàn di aláìwúlò, ó ti di oró.

Ọ̀nà kejì ni ìfẹ́, ẹni tí a fẹ́ràn àti ohun dáradára tí a lè rí, tí a lè gbọ́. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà lè má rí agbára ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀, síbẹ̀ yóò dìde se oúnjẹ nítorí ọmọ tí ó fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí ẹ má fojú kéré rẹ̀. Afárá tí ó fi ń sọdá ni.

Ọ̀nà kẹta ni ìdúró tí a dúró nínú ìyà tí a kò lè yẹ̀. Bí a bá lè yẹ ìyà, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́. Kò sí ìwà akọni nínú kí a gbé àìsàn tí oògùn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣeé yẹ̀, a ṣì lè yan bí a ó ṣe gbé e. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nítorí pé kò tètè dé ilé ìwòsàn lè di ẹni tí ń lọ láti ilé dé ilé, tí ń sọ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n má ṣe dúró di òru.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ ń hun òfì, ẹ mọ èyí. Bí òwú bá já lórí òfì, ahunṣọ kì í gé gbogbo aṣọ náà dànù. Yóò so ó. Kókó yóò wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá fọwọ́ pa á yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ náà yóò máa gùn sí i.

6. ÌGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ RERE MÁA Ń DI ÌKÙÙKÙ

Bí ọmọ bá kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, a máa ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Gbogbo ohun tí Frankl kọ́ni fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀: ohun tí ó lọ ti lọ, ìwọ ṣì wà, ohun kan sì kù tí o lè gbé. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ọmú ìyá ṣì ń dà wàrà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé, "Panu mọ́." Omi tí ó dànù yẹn ní orúkọ. Kí a jẹ́ kí ó sunkún rẹ̀ ná.

Bákan náà ni, "Ṣe ọkàn akin", "Àwọn mìíràn rí jù bẹ́ẹ̀ lọ", àti èyí tí ó burú jùlọ, "Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni." Ẹ gbé wọn sọnù. Ìtumọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń fún ni bí ẹni bu ẹ̀kọ sínú abọ́. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni yóò rí i. Iṣẹ́ tiwa ni kí a jókòó tì í, kí a sì béèrè ní àkókò tí ó yẹ.

7. OHUN TÍ ARÓ KỌ́ GBOGBO AYÉ

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọkàn mọ́lé, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé inú ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan kan tí ó tẹ̀lé wọn wá. Wọn yóò gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn yóò sì padà sí abúlé, níbi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ètò yìí lókìkí káàkiri ayé, Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oògùn àti ènìyàn ni ó jọ ń wo ọkàn sàn. Ẹni tí a bá yà sọ́tọ̀ kò lè rí ohun tí ó ń dúró dè é, nítorí pé ààrin àwọn ènìyàn ni ohun náà wà.

8. OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE NÍLÉ

(1) Ara ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ibi tí kò séwu, omi, oúnjẹ gbígbóná, oorun. Ẹni tí kò sùn kò lè ronú nípa ìtumọ̀ ayé.

(2) Ẹ má fi ipá mú un sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán. Bí kò bá fẹ́, ẹ jókòó tì í.

(3) Ẹ má lọ ra oògùn oorun bíi Valium lọ́wọ́ kẹ́míìsì fún un láìgba ìwé dókítà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má fi irú oògùn yìí tọ́jú ẹni tí àjálù bá ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ó fara mọ́ ọtí tàbí tramadol.

(4) Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tí ó jẹ́ tirẹ̀: kí ó máa fún adìẹ lóúnjẹ, kí ó máa gba ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tí ẹnìkan yóò mọ̀ bí kò bá ṣe é ni kí ẹ yàn.

(5) Ẹ jẹ́ kí ó padà sí ibi tí ó ń bẹ̀rù ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ bá a lọ. Lónìí, dé ẹnu ọ̀nà; lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, dé gáréèjì.

(6) Ẹ jẹ́ kí ó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, sí àdúrà, sí àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu, bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

(7) Nígbà tí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: Kí ni o lè ṣe síbẹ̀? Ta ni ó nílò rẹ? Irú ènìyàn wo ni o fẹ́ jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́.

9. ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ SÁRÉ

Bí ẹni náà bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, bí ó bá ń pín ẹrù rẹ̀, bí ó bá ń dágbére lọ́nà tí kò yé yín, tàbí bí kò bá jẹun, tí kò sì sùn rárá, ẹ má dúró. Ẹ bi í ní tààrà pé, "Ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn, ńṣe ni ó máa ń tú ẹrù sílẹ̀. Kí ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Oògùn apakòkòrò àti oògùn tí a fi ń pa koríko lóko, ẹ gbé wọn kúrò nílé, tàbí kí ẹ tì wọ́n mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ yín, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn tàbí ibòmíràn, wọn yóò sì kọ ìwé fún un bí ó bá yẹ kí ó lọ sí UCH ní Ìbàdàn tàbí Aró ní Abẹ́òkúta. Kí ojú má tì yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọkàn ní Nàìjíríà, láti rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958 tí ó ń pe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Bí òfin bá ti pa orúkọ náà tì, ẹ jẹ́ kí àwa náà pa á tì nínú ilé wa.

KÓKÓ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ọgbẹ́ ọkàn kì í ṣe wèrè. Ara ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, ìtumọ̀ yóò tẹ̀lé e. Kí a má sọ pé ibi jẹ́ ire. Kí a má fi ìwàásù lé ẹkún. Kí a fún ẹni náà ní ènìyàn, kí a fún un ní iṣẹ́, kí a fún un ní àkókò. Bí ọ̀rọ̀ ikú bá wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ gé ojú ìwé yìí pamọ́ sínú àpótí ilé. Bí aládùúgbò yín kan bá sì wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí dáadáa láti ìgbà tí àjálù ti bá a, ẹ gbé oúnjẹ díẹ̀ dání lónìí, kí ẹ lọ kàn án. Ẹ kò nílò láti mọ ohun tí ẹ ó sọ.